Ọbẹ̀ Tí Ó Dùn, Owó Ni Ó Pa Á

Bí ènìyàn bá dé Suame Magazine ní ìlú Kumasi, ariwo òòlù ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Àjákù irin ọkọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ń sọ di ìkòkò, ààrò eléèédú àti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo. Ní ọdún 1980, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà dá ibùdó kan sílẹ̀ ní àárín wọn, láti fi ọ̀nà tuntun kún ọgbọ́n tí wọ́n ti ní.

Ìdúnàádúrà kò burú. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn a máa yọwó títí èrè oníṣẹ́ yóò fi tán, a sì fi ẹ̀rín lọ sílé. Níbo ni owó tí ó gé yóò ti padà wá? Nínú iṣẹ́ náà ni. Irin tí ó yẹ kí ó nípọn yóò fẹ́lẹ́. Ibi tí ó yẹ kí a jó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó jó o. Bí ẹ̀rọ bá wá dẹnu kọlẹ̀, oníbàárà yìí kan náà ni yóò pariwo pé iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kò dára.

Ẹni tí ó san owó tí ó tọ́ ra ju ẹ̀rọ lọ. Ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́, ó mọ ìsọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òní ni yóò di oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́la. Kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò kọ́ wọn bí a ti ń ṣírò owó iṣẹ́ ẹni pẹ̀lú.