Ta Ló Ń Pe Ìlú Rẹ̀ Ní Ilé?

Àwa méjì tá a jọ ń kọ áàpù orúkọ ìlú ní Ẹdẹ, díẹ̀ ló kù ká ṣe àṣìṣe ńlá. Kọ̀ǹpútà gbé "Ẹdẹ" àti "Ẹdẹ-Ilé" síta, ó ní orúkọ kan náà la tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ní ó dáa, ká yọ ìkejì kúrò.

Ìyá àgbà ilé wa gbọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tá a ti wá lẹ fẹ́ parẹ́ yẹn o."

Ẹnu wa wọ wòò. Ìtàn ìlú wa sọ pé Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé, ọdẹ ọlọ́fà-iná, wá dó síbẹ̀ kó lè máa ṣọ́ ọ̀nà. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Akin Ògúndìran wa ilẹ̀ Ẹdẹ-Ilé, egungun ẹṣin wà níbẹ̀. Igi oṣè, igi ilẹ̀ ọ̀dàn, náà wà níbẹ̀. Àmì Ọ̀yọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ta ló ń gbé inú ìlú tó tún ń fi "Ilé" kún orúkọ rẹ̀? Ìgbà tí wọ́n kó kúrò, tí wọ́n gbé orúkọ náà dání wá síbi tá a wà lónìí, ni ti àtijọ́ tó di Ẹdẹ-Ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tó ti lọ ló ń sọ ibì kan ní ilé.

A dá orúkọ náà padà. Ọ̀kan nínú wa ń jápa lọ sí Kánádà lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá débẹ̀, òun náà á máa pe Ẹdẹ ní ilé.