Ẹnu àti Etí Kọ̀ǹpútà Kékeré

Kọ̀ǹpútà kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. BeagleBone Black ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2013 ni ó jáde. Kò ní àpótí, gbogbo ìfun rẹ̀ ni ó hàn síta. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni a to ihò sí, 46 lápá kan, 46 lápá kejì.

Wọ́n ta kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Kétu lọ́rẹ ọ̀kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì so ẹ̀rọ GPS mọ́ ihò 11 àti 13 ní apá tí à ń pè ní P9. Wọ́n dúró títí, ohunkóhun kò jáde. Ọmọbìnrin kan ní: « Monsieur, wọ́n tún ti kó òkú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wa. » Bí ó ti sọ ọ́ láìbínú rárá ni ó dùn mí jù.

Ẹ̀rọ náà kò kú. Ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀ lè ní tó oríṣi iṣẹ́ 8. Ihò 11 yẹn lè jẹ́ etí tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, ó sì lè jẹ́ ojú lásán tí ń wò bóyá iná wà lórí wáyà. Kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, kernel, ọkàn ètò Linux, kì í fúnra rẹ̀ yan iṣẹ́ fún ihò. (Àwọn Faransé ń pè é ní noyau, èmi a máa pè é ní kóró.) Bí kóró bá ń jí, ìwé kan ni ó ń kà, device tree, níbi tí a to gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà náà sí. Uart4, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí ihò méjèèjì yẹn jẹ́ tirẹ̀, wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n « disabled » ni a kọ sí i lára. A fi « okay » rọ́pò rẹ̀, a sì kọ iṣẹ́ tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe.

Ó ku kóró fúnra rẹ̀, apá yìí ni mo sì fẹ́ràn jù. Nígbà tí à ń to tiwa, a bá ìlà méjì pàdé: CONFIG_SERIAL_8250_NR_UARTS àti CONFIG_SERIAL_8250_RUNTIME_UARTS. Iye ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí kóró yóò fàyè sílẹ̀ fún ni wọ́n ń sọ. 4 ni a bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 6 ni kọ̀ǹpútà náà ní. Kóró a sì máa ka nǹkan láti òdo: ttyS0, ttyS1, ttyS2, ttyS3, ó tán. Kò sí bí ttyS4 tí à ń wá ṣe lè wà. Mo rán àwọn ọmọ létí pé ọjà tí àwọn ìyá wa ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọrọọrún ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n ná an kẹ́yìn mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá béèrè ibi tí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀ yóò bá ọjà tó ti tú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ 4 di 6 ní ìlà méjèèjì.

Ti wáyà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹnu ẹ̀rọ kan, tí a kọ TX sí, ni à ń so mọ́ etí èkejì, tí a kọ RX sí. Bí a bá so ẹnu mọ́ ẹnu, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Volt 3,3 ni ihò wọ̀nyí lè gbà, 5 yóò bà wọ́n jẹ́. Ìyára ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba: 9600 ni ti GPS wa.

A gbé e sí gbangba àgbàlá, kí ó lè rí ojú ọ̀run. Nígbà tó yá, ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $GPGGA yọ, 0721 wà nínú rẹ̀ ṣáájú N, 00236 ṣáájú E. Wọ́n sáré lọ síbi máàpù: ìwọ̀n 7 àti ìṣẹ́jú 21 sí àríwá, ìwọ̀n 2 àti ìṣẹ́jú 36 sí ìlà-oòrùn. Kétu ni.

Ní báyìí, uart5 ni wọ́n fẹ́ ṣí. Ihò tirẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà fi ń gbé àwòrán lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, a kò sì lè ṣí i láìpa àwòrán náà. Iyàn kò pẹ́ lórí èyí: a kò ní tẹlifíṣọ̀n.