Ohun tí ó ń yún Ṣọ́lé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé, bí ara bá ń yún ajá yín, tí ó lo oògùn, tí ó sàn, tí ó tún padà, ẹ má ṣe wo ara ajá nìkan. Ẹ wo ibi tí ó ń sùn pẹ̀lú. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di ọ̀tá aládùúgbò wa ní Kétu.

Ṣọ́lé ni a ń pe ajá náà. Irun ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀ re dànù, ó ń bu ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Dókítà ẹran fún un lóògùn, ó sàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí a fi òróró ọkọ̀ tí a ti lò pa á lára, ẹlòmíràn ní kí a lo oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú. Mo kọ̀, nítorí pé ajá a máa lá ara rẹ̀, májèlé sì ni méjèèjì. Ni ìyá ọkọ mi bá ní obìnrin ilé kejì ni ó ń da nǹkan sí oúnjẹ ajá. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ oko dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú Ṣọ́lé lọ sí abúlé lẹ́yìn tí ó ti lo oògùn tán. Oṣù méjì ni ó lò níbẹ̀, kò họra, irun rẹ̀ hù. Ó padà dé. Ní ọjọ́ kẹfà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kí ajá tó dé, kò sì tíì padà.

Mo fi aṣọ funfun tútù nu ẹ̀yìn ajá. Ìdọ̀tí dúdú bí ẹ̀tù bá aṣọ náà, omi sì sọ ọ́ di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìgbẹ́ kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran. Kì í ṣe eégbọn. Eégbọn a máa lẹ̀ mọ́ ara ni. Ara ajá mìíràn kò gba itọ́ kòkòrò yìí: bí ó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré, yóò máa yún un fún ọjọ́ púpọ̀.

Lẹ́yìn ààrò, níbi tí Ṣọ́lé ń sùn, àwọn àpò àtijọ́ wà tí ológbò bímọ sí. Bí mo ti gbé wọn, kòkòrò fò bo ẹsẹ̀ mi. Ẹyin wọn kì í dúró lára ẹran. A máa já bọ́ sínú eruku àti ihò ilẹ̀. Ọmọ wọn a ran ilé kékeré yí ara rẹ̀ ká, ó sì lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó jáde. Ìdí nìyí tí oògùn ara ajá nìkan kò fi tó.

A sun àwọn àpò náà, a da omi gbígbóná sí ilẹ̀, a sì ń gbá a lójoojúmọ́. Dókítà tọ́jú ajá àti ológbò lọ́jọ́ kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú oògùn tirẹ̀, nítorí pé oògùn ajá mìíràn a máa pa ológbò. Oṣù mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó tán pátápátá.

Nígbà tí obìnrin náà ti Àjàṣẹ́ dé, ìyá ọkọ mi gbé iṣu mẹ́ta lọ bá a, wọ́n sì parí ìjà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin ará, kí a tó ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé àpò ilé wa wò.