Àrọ̀ Tó Lóyún
Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú ọmọ mi lọ dẹ ìwọ̀ lódò kékeré kan ní Bwari. Ekòló la fi sẹ́nu ìwọ̀. Àrọ̀ ńlá kan gbé e mì, ẹyin kún ikùn rẹ̀. Mo ní kó dá a padà, torí àsìkò òjò làrọ̀ máa ń gòkè odò lọ yé.

"Dádì, ọbẹ̀ ńkọ́?"

Èmi náà ti gbé irú ẹ̀ wálé rí l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi. Wọn ò nà mí. Wọn ò kàn fẹnu kan ọbẹ̀ náà ni. Ó dùn mí ju pàṣán lọ.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ó dákẹ́, ó jọ̀wọ́ ẹja. Gàrí la mu lálẹ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa sọ irú ìtàn báyìí fún wọn o.