Ọmọ Onílẹ̀

Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí á sáré nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. "Ọmọ onílẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ kan sìmẹ́ńtì yàrá àárín, níbi tí bàbá bàbá mi sùn sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà. Ó dùn létí mi bí oríkì.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin ra púlọ́ọ̀tì kan lápá Ìkòròdú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn, géńdé mẹ́rin dé. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ lé àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́bìrì títí owó dẹ́kìn yóò fi dé. Owó ìpìlẹ̀ ti lọ ṣáájú. "Àwa lọmọ onílẹ̀!" Àbúrò mi san án. Ẹkún ló fi ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, orúkọ tí wọ́n fi tọ́ wa ló sì ń pè bí orúkọ olè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà. Ní August 6, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Ìdéjọ, ìjòyè onífìlà funfun, ọmọ Ọlọ́fin, ni ilẹ̀ wà. Àní oko ata Arómirẹ́, ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n kọ́ Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, lé. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá ní 1913, Amodu Tijani, Olúwa Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ náà, ní kí wọ́n san owó rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìhín ní kìkì àṣẹ lórí ilẹ̀ ló ní, pé òun kọ́ ló ni ín. Ó gbé ẹjọ́ náà dé London, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá a láre: ilẹ̀ náà ti gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, Olúwa ń bá wọn dì í mú ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Onílẹ̀ tí wọ́n jà fún lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹni tó lè dá ilẹ̀ tà bó ṣe wù ú. Alágbàtọ́ ni. Èyí gan-an ni ìyá bàbá mi ń sọ, láìka ìwé òfin kankan.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 kó ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Àwọn ẹbí ò yé tà. Ní August 2016, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tó sọ fífi agbára wọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ní Èkó. Òfin ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń pè é nígboro, ó sì ń dùn mí. Ẹni tó ti sanwó ilẹ̀ ni onílẹ̀. Àbúrò mi ni. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé sìmẹ́ńtì rẹ̀ lórúkọ tirẹ̀: ajagungbalẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pè é.

Lára ògiri ilé wa, a kọ ọ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà, nítorí pé ọmọ bíbí inú ilé kan ti fẹ́ dá a tà rí. Òjò ti ń fọ̀ ọ́ lọ. Ní Àjíǹde tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n tún un kọ. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀dà wà. Mo gba yàrá àárín kọjá lọ gbé e, mo rọra tẹ ilẹ̀ ibẹ̀.