TIN fún Ohun-Ìní Àfiṣọ́: Ìtàn Iṣẹ́ Kan ní Ìbàdàn

Ohun-ìní àfiṣọ́, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní trust, ni dúkìá tí ẹnì kan yọ sọ́tọ̀ nínú ohun tí ó ní, tí ó sì fi lé àwọn tí ó fọkàn tán lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa bójú tó o nítorí àwọn mìíràn, bí ọmọ tí kò tíì bàlágà, opó, tàbí mọ̀lẹ́bí tí ara rẹ̀ kò dá. Àwọn tí a fi lé lọ́wọ́ ni alámòójútó; àwọn tí a ń tìtorí wọn ṣe é ni olùjàǹfààní. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ti ìdílé nìkan, òfin Nàìjíríà kò ní dandan ni kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwé àdéhùn tí a bu ọwọ́ lù níwájú ẹlẹ́rìí lè gbé e dúró. Síbẹ̀, bí ilé tí ó wà nínú rẹ̀ bá ń mú owó háyà wọlé, owó-orí wà lórí owó náà, ẹni tí yóò sì san án gbọ́dọ̀ ní TIN, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá asanwó-orí kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ìbéèrè ọ̀dọ́ lọ́yà kan ni ó fa àkọsílẹ̀ yìí: ó fẹ́ mọ ìdí tí alámòójútó kò fi lè lo nọ́ńbà ti ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ìdáhùn náà lọ́dọ̀ àgbà akọ̀wé owó-orí kan ní Ìbàdàn, tí ó ti dolóògbé báyìí, tí kò sì sí ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ títí di òní. Ọ̀gá náà kì í fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù títí yóò fi ka ìwé àdéhùn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìbuwọ́lù. Báírò pupa ni ó fi ń fa ìlà sábẹ́ ohun mẹ́rin: orúkọ tí a fún ohun-ìní náà, ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀, orúkọ àwọn alámòójútó, àti ẹni tí èrè yóò máa kàn. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá òǹtẹ̀ ìjọba, nítorí pé láti ìgbà òfin owó òǹtẹ̀ ti ọdún 1939 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó lè gbà á wọlé. Bí orúkọ tí ó wà lórí ìwé àdéhùn bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lórí lẹ́tà sí báńkì, yóò dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tí ó gbé e wá, kò sì ní gba àlàyé kankan.

Irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà pàdánù ni káàdì pálí tí ó máa ń wà nínú dúróò, tí a kọ orúkọ ohun-ìní náà sí òkè rẹ̀, tí nọ́ńbà fáìlì sì wà ní igun. Bí alámòójútó kan bá kú tàbí tí ó yọwọ́, akọ̀wé yóò fa ìlà la orúkọ rẹ̀ kọjá, yóò kọ orúkọ ẹni tuntun sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò ní yí padà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí káàdì náà yóò mọ̀ lójú kan pé àwọn ènìyàn ń kọjá lọ, dúkìá àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀.

Ìtàn òfin kò gbà pé kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin owó-orí ọdún 1961 dá ìgbìmọ̀ tí ó so àwọn agbowó-orí ẹkùn ìgbà náà pọ̀ sílẹ̀. Òfin owó-orí ti ọdún 1993, tí í ṣe Decree 104, dárúkọ ìdílé, àwùjọ àti alámòójútó pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń san owó-orí. Òfin ìnáwó tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2020 sì pàṣẹ fún báńkì láti béèrè TIN kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì okòwò.

Ìyípadà tí ó korò jù ni ti kọ̀ǹpútà. Ṣáájú ọdún 2026, ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ TIN máa ń béèrè NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, tàbí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì máa ń béèrè nọ́ńbà CAC lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ohun-ìní àfiṣọ́ tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, lábẹ́ òfin tuntun tí a buwọ́ lù ní 2025, NIN gan-an ni nọ́ńbà owó-orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà CAC sì ni ti ilé-iṣẹ́. Ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ó mú kí ìṣòro ohun-ìní àfiṣọ́ le sí i. Ní ọ́fíìsì owó-orí kan, wọ́n sọ fún oníbàárà òǹkọ̀wé yìí pé kí ó fi NIN tirẹ̀ sí i; àwọn mìíràn sì ń forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC kí wọ́n ṣáà lè rí nọ́ńbà. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Èyí àkọ́kọ́ da owó ọmọ òrukàn pọ̀ mọ́ owó ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni náà bá kú, àwọn ajogún tirẹ̀ lè na ọwọ́ sí i; èyí kejì sọ owó háyà ìdílé di èrè òwò ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé.

Ẹ̀sùn kan wà tí a máa ń fi kan àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá ìdílé gba nọ́ńbà yìí, pé ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún ènìyàn ní TIN, àwọn sì ń gba owó lé e lórí. Òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kíka ìwé àdéhùn, wíwá òǹtẹ̀, mímú orúkọ dọ́gba lórí gbogbo ìwé, àti dídúró níwájú òṣìṣẹ́ tí kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn ọ̀dọ́ mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi báírò pupa kọ́ ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí kọ̀ǹpútà béèrè. Ìdílé tí ó bá gba ìmọ̀ràn wọn kì í sábà bá ara wọn dé kóòtù nítorí owó háyà.

Nítorí náà, kí alámòójútó gbé ìwé àdéhùn tí a ti lù lóǹtẹ̀, NIN gbogbo àwọn alámòójútó, àti lẹ́tà tí ó ṣàlàyé ẹni tí èrè kàn, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ ni ó ń gba owó-orí irú èyí, kí ó sì béèrè nọ́ńbà ní orúkọ ohun-ìní náà. Bí wọ́n bá ní kí ó fi tirẹ̀ dípò, kí ó kọ̀, kí ó sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tí ó wà lókè, nítorí pé ẹni tí a fi dúkìá ọmọlọ́mọ ṣọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ ara rẹ̀ bò ó.