Iná Pupa Lára Ògiri

Ní Súrùlérè ní ìlú Èkó, ìdílé kan ń gbé òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Baálé ilé jẹ́ oníṣirò owó, aya rẹ̀ ń ta aṣọ, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Ìyá baálé ilé ń gbé pẹ̀lú wọn, òun ni tọmọdé tàgbà inú ilé náà ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní ọmọkùnrin mìíràn ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti di àṣà wọn pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí aago méje bá ti lù, wọn a gbé fóònù kalẹ̀ níwájú ìyá náà, òun àti ọmọ rẹ̀ a máa wo ojú ara wọn, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi máa kun ìyá náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan wá fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé náà. Kì í ṣe wáyà bàbà bí ti tẹlifóònù àtijọ́ ni wọ́n lò. Okùn gíláàsì ni. Wọ́n fà á láti orí òpó tí ó wà lẹ́bàá títì, wọ́n mú un gba ojú fèrèsé pálọ̀ wọlé, wọ́n kan àpótí kékeré kan mọ́ ara ògiri, wọ́n sì gbé rútà lé orí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń fọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ká inú ilé láìlo okùn. Àpótí ara ògiri náà ní iná wẹ́wẹ́ lójú. Bí wọ́n bá tàn ní àwọ̀ ewé, àlàáfíà ni. Bí ọ̀kan pàtàkì nínú wọn bá pọ́n, ohun gbogbo dúró. Láti oṣù kìíní títí di òpin oṣù kẹta, iná náà kò pọ́n rí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹrin, Ìyá Àgbà ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilé bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní òjò ti ń wọ yàrá tí bàbá wọn kú sí, ó sì tó àkókò kí àwọn ọmọ dá owó òrùlé. Bí ó ti sọ èyí tán, ojú ọmọ náà dúró gbagidi nínú fóònù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó pòórá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ òrùlé ni ìyá náà tún fi ẹnu bà tí ọmọ fi pòórá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Ìyá Àgbà ti fóònù sẹ́yìn, ó wí pé, “Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, n kò ní í fi ipá mú un.” Ọmọ náà pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gba fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ bí ènìyàn ti ń pa ìlẹ̀kùn dé mọ́ ìyá rẹ̀.

Baálé ilé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà ìdílé, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Òkun ni ó kọ́kọ́ fura sí, ìfura náà kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba inú àwọn okùn gíláàsì ńláńlá tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, àwọn tí wọ́n tọ etí ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, mẹ́rin nínú wọn bàjẹ́ ní tòsí Abidjan ní Côte d’Ivoire, àwọn ilé ìfowópamọ́ pàápàá sì rí ìṣòro ní Nàìjíríà. Ọkùnrin náà rántí èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òkun bá ni, gbogbo ìlú ni ìbá ké, kì í ṣe ilé kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ nìkan.

Ó pe ilé-iṣẹ́ tí ó fa okùn náà. Wọ́n ní kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó dúró díẹ̀, kí ó tún un tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni gbogbo iná sì tàn ní àwọ̀ ewé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n rí. Òṣìṣẹ́ náà mú kí baálé ilé fọwọ́ sí ìwé pé kò sí àbùkù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó kan ọmọkùnrin kan tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Baálé ilé ti fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rútà nígbà kan rí kí ó lè fi kàwé. Nísinsìnyí ó fura pé ọmọ yìí ti pín in fún gbogbo àdúgbò. Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà láìsọ fún un, kò sì dáhùn mọ́ bí ọmọ náà bá dọ̀bálẹ̀ kí i ní àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ó kan máíkírówéfù aya rẹ̀, tí ó fi ń mú oúnjẹ gbóná ní alẹ́. Òtítọ́ ni pé máíkírówéfù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ Wi-Fi ń lo ìgbì kan náà, ní àyíká 2.4 GHz, ọ̀kan sì lè dí èkejì lọ́wọ́. Aya rẹ̀ fi ìbínú yọ okùn ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, wọ́n jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tútù ní alẹ́ ọjọ́ méjì, iná ara ògiri sì pọ́n síbẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ìfura ni oògùn àgbà. Baálé ilé yìí ti lo oògùn náà ní àlòjù.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì kẹrin girama, ni ó wí fún un pé, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀nà ti já, kí a tó wá ẹni tí ó já a.” Ó ya ọ̀nà náà sínú ìwé: láti fóònù dé rútà, afẹ́fẹ́ ni, láti rútà dé àpótí ara ògiri, okùn kúkúrú ni, láti àpótí dé òpó, okùn gíláàsì ni, lẹ́yìn òpó, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí iná pọ́n, ó fi okùn so kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ mọ́ rútà tààrà. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ pẹ̀lú. Nípa èyí, afẹ́fẹ́ bọ́ nínú ẹ̀sùn, máíkírówéfù sì bá a bọ́. Èrò púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́ a máa mú un fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n kì í mú iná náà pọ́n. Ìtumọ̀ iná pupa ni pé ìmọ́lẹ̀ láti òpó kò dé inú àpótí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ọmọkùnrin ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, òun náà ti sanwó fún okùn tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, láti orí òpó kan náà. Iná tirẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé ní wákàtí náà gan-an. Àbùkù náà wà láàárín òpó àti ògiri wọn.

Ọmọbìnrin náà mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó sì ń kọ ọjọ́, aago, àwọ̀ iná àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, iná pọ́n láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀, aago mẹ́rin ni ó pọ́n. Ní òru ọjọ́ Ẹtì kan, kò pọ́n rárá títí ilẹ̀ fi mọ́. Òru ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà lọ sí àìsùn ní ìjọ rẹ̀. Ọmọ náà wo ohun tí ó kọ, ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ ohun tí ẹnu àwọn ènìyàn lè sọ nípa arúgbó tí ìmọ́lẹ̀ ń kú bí ó bá wà nílé, tí ó sì ń wà láàyè bí ó bá jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń ṣọ́ iná náà. Ìyá Àgbà wọlé. “Ẹ̀fọn ti dé o,” ni ó wí, ó sì ti fèrèsé gíláàsì náà wọ̀ọ̀ títí ó fi kan férémù. Iná pọ́n.

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ ṣí i padà díẹ̀.”

“Kí ibà lè mú yín?”

“Díẹ̀ péré ni, mà.”

Ìyá Àgbà ṣí i. Kò pẹ́, iná padà sí àwọ̀ ewé. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, bákan náà ni ó ń rí. Nígbà tí baálé ilé wọlé dé, ìyá àti ọmọ-ọmọ wà nídìí fèrèsé bí ọmọdé méjì tí ń ṣeré.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá fa okùn náà ní oṣù kìíní, wọn kò fẹ́ lu ògiri. Wọ́n gé igun àwọ̀n fèrèsé, wọ́n sì ti okùn gba ibẹ̀. Ihò tí wọ́n dá yìí ni ẹ̀fọn ń gbà wọlé nígbà tí òjò dé. Nítorí ẹ̀fọn ni Ìyá Àgbà ṣe ń ti fèrèsé. Fèrèsé a sì tẹ okùn mọ́ férémù, a ká a kọ. Ní àárọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé, fèrèsé ti ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Okùn gíláàsì kì í gbé iná mànàmáná. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé. Fọ́nrán inú rẹ̀ kò nípọn ju irun orí lọ. Ní ọdún 1966 ni Charles Kao, tí wọ́n bí ní Shanghai, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ George Hockham fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 2009, Kao gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Bí okùn náà bá tẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọrun, ìmọ́lẹ̀ a máa gbá ẹ̀gbẹ́, a máa padà sínú, a sì máa lọ. Bí a bá ká a kọ ní kọ́rọ́ híhá, ìmọ́lẹ̀ a jò dànù níbẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ náà, síbẹ̀ ó lè pa ojú lára; kí ọmọdé má ṣe yọ ẹnu okùn bẹ́ẹ̀ wò láé.

Òṣìṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí fèrèsé ṣí, ó ka 20 ní ìsàlẹ̀ òdo. Nígbà tí wọ́n tì í, ó ka 31 ní ìsàlẹ̀ òdo. Nínú ìwọ̀n yìí, bí ó bá fi 10 lọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣẹ́kù, irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í sì í ríran dáadáa mọ́ bí ó bá ti kọjá 27 tàbí 28. Òṣìṣẹ́ náà lu ògiri, ó mú okùn gba ibẹ̀ ní ìtẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi sìmẹ́ńtì dí àyíká rẹ̀. Àwọ̀n ni kò fẹ́ rán. Ìyàwó ilé ni ó rán an.

Baálé ilé sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọkùnrin ìsàlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó bá Ìyá Àgbà sọ ọ́ pé, “Bọ̀ọ̀dá kò pa fóònù mọ́ yín lẹ́nu rí, mà. Fèrèsé ni.” Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ti fèrèsé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ bí ìṣe rẹ̀, wọ́n sì gbé fóònù ka iwájú rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ òrùlé ilé bàbá yín ńkọ́?” Ọmọ náà dákẹ́ lọ títí. Ìyá Àgbà yíjú wo ara ògiri. Àwọ̀ ewé ni.

“Mo ń gbọ́ ọ,” ni ó wí.